Adébánjí Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Gbé Àga

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Adébánjí fi wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti bá a ṣírò rẹ̀ rí: iye ìgbà tó fi bọ́ọ̀sì 78 kọjá lórí afárá Tower Bridge kò lè dín ní ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìyẹn lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí Motúnráyọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ kejì tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ti tún gbogbo ilẹ̀kùn ilé wọn ní Bermondsey ṣe, títí kan èyí tí kò bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó to abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń to èrò, àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kéékèèké níwájú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Kánsọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ti ibi iṣẹ́ dé, ó wá ṣíbí tí yóò fi ro ọbẹ̀ títí, kò rí i.

Ó ní, “Bàbá Motún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run nìkan ló lè gba ilé ìdáná mi lọ́wọ́ yín.”

Bí Adébánjí ṣe di ọmọ ìjọ wa ní Peckham nìyẹn. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn Rye Lane là ń lò. Àwa wà lókè, Làtíìfù tó ń ta ẹja dídì wà nísàlẹ̀. Gbọ̀ngàn tí à ń lò yìí, àwọn tó ń kọ́ ijó àti eré ìdárayá ló ń lò ó láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà gbogbo àga gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ bí ìsìn Sọ́ńdè bá ti parí, ká sì tún tò ó láàárọ̀ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Àga ọgọ́sàn-án ni. Ọgọ́sàn-án ní gbígbé kalẹ̀, ọgọ́sàn-án ní kíkó kúrò, ẹ̀ẹ̀méjìléláàádọ́ta lọ́dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ló ń ṣe é, ó sì ń gbà wọ́n ní wákàtí kan gbáko.

Pásítọ̀ wa kì í fi iṣẹ́ ìsìn ṣeré. Wọ́n ní ẹsẹ̀ méjì ni ọmọ ìjọ fi ń dúró. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ilé ìdàpọ̀, níbi tí ènìyàn mẹ́wàá sí méjìlá ti ń pàdé nínú pálọ̀ ẹnì kan, tí wọ́n ń ka Bíbélì, tí wọ́n ń gbàdúrà fún ara wọn. Ẹsẹ̀ kejì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí Adébánjí ṣe gbọ́ “iṣẹ́” báyìí, ojú rẹ̀ là. Ilé ìdàpọ̀ tó ń pàdé nínú pálọ̀ tèmi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló dara pọ̀ mọ́. Bethany ló ń darí wa níbẹ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Peckham yìí gan-an, tó ń fi ohùn òyìnbó sọ Yorùbá láìtijú. Kò sí Ọjọ́rú tí kì í bi oníkálùkù pé kí ni kí a bá a gbàdúrà fún. Adébánjí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Ìlera.”

Ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àga ló mú. Nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Mo lè gbé nǹkan. N kì í pẹ́.”

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó gbé àga méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tí Dámiláre, olórí àwọn tó ń to àga, fi na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Èèwọ̀, Daddy! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣépè fún mi nílé ni?”

“Ta ló fẹ́ ṣépè fún ẹ? Ṣebí àga ni mo gbé.”

“Daddy, tí màmá mi bá gbọ́ n’Íjẹ̀bú pé mo ń wòran, tí ẹni tó tó bàbá mi ń gbé àga, ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀, sà.”

Ó gba ti ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọkùnrin míì sáré wá gba ti ọwọ́ òsì. Ọ̀kan nínú àga méjèèjì náà ni wọ́n gbé sí iwájú pátápátá, wọ́n fi Adébánjí jókòó lé e, wọ́n sì fi omi ìgò lé e lọ́wọ́.

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò. Wọ́n ní ẹsẹ̀ á dun Daddy. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Obìnrin kan tó rí i níbẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i nínú omi òjò, ọkọ̀ méje tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Ó lọ sí ilé ìdáná, wọ́n bu ìrẹsì fún un. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ. Èmi náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ni ká jókòó síwájú, ká máa mi orí sí ìwàásù.

Lọ́jọ́ kan tí à ń lọ sí ibùdókọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará gáráàjì fẹ̀yìn mi tì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ̀yìn mi tì lẹ́ẹ̀kejì, omi ìgò ni wọ́n fi sìn mí. Tó bá jẹ́ báyìí ni, bí ọdún yìí bá ti parí, ẹ ò ní rí mi mọ́. Tó bá jẹ́ ìjókòó ni, àga wà nílé mi.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣeré. Adébánjí tó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Sọ́ńdè méjì tó tẹ̀ léra ló ti pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé kiri lọ́kàn nígbà tó lọ ra ẹja lọ́dọ̀ Làtíìfù. Ó rojọ́ náà fún un. Làtíìfù rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yín ò ṣèèṣì o. Ní mọ́sáláṣí tiwa náà, ta ni mo jẹ́ tí màá máa wò kí irú yín máa ká ẹní?”

“Ìwọ náà, Làtíìfù?”

“Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, aago márùn-ún ni ọkọ̀ ẹja mi máa ń dé. Èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá, kọ́kọ́rọ́ ti òkè sì wà lọ́wọ́ mi, bóyá iná lè lọ jó. Aago mẹ́jọ ni àwọn ọmọ yín ń dé. Tí ẹ bá wá ní mẹ́fà ààbọ̀, ta ló máa wà níbẹ̀ tí yóò dọ̀bálẹ̀?”

Adébánjí wò ó.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ayé lóde! Èmi Làtíìfù ni mo wá ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì fún Kìrìsìtẹ́nì.”

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni Adébánjí wọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ariwo. Ó fi bàtà ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n: gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láàárín ìlà àga kan sí èkejì, kí orúnkún àwọn tó ga lè ráyè. Ó fẹ ọ̀nà àárín kí kẹ̀kẹ́ ọmọ méjì lè pàdé níbẹ̀. Ó fi àyè méjì sílẹ̀ lófìfo níwájú fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló gbà á. Ẹnì kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí ẹni mẹ́rin ń fi wákàtí kan ṣe. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, ó wẹ̀, ó wọ agbádá, ó sì dé ṣọ́ọ̀ṣì kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n fún un lómi ìgò. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó fi sápò. Kì í mu omi náà. Kánsọ́lá sọ fún mi pé ìgò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Dámiláre rò pé àwọn akọrin ló ti to àga dè é. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn akọrin sì rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ní tèmi, ohun tí mo rí ni pé ọ̀rẹ́ mi ti ń kọrin ju bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ lọ, ṣíbí ìrobẹ̀ sì ti padà sí àyè rẹ̀ nílé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi, èmi àti Kánsọ́lá sì pa á mọ́ sínú.

Ní Sọ́ńdè kẹfà, Dámiláre gorí pẹpẹ láti jẹ́rìí.

“Ẹ yin Olúwa!”

“Halelúyà!”

“Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ tààrà láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ó ti rẹ̀ mí! Mo gbàdúrà, mo ní, Bàbá, rán olùrànlọ́wọ́ sí mi. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo dé ibí, gbogbo àga ti wà nílẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà báyìí! Ẹ tiẹ̀ wo bí ìlà náà ṣe gún. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àlàfo kan ò fi ìka kan ju èkejì lọ! Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kọ́ nìyí. Áńgẹ́lì ni!”

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé orin, àwọn ìyá bọ́ sí ọ̀nà àárín tí Adébánjí fẹ̀, wọ́n ń jó. Ẹnì kan fi áńkáṣíìfù funfun lé Adébánjí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa jù ú sókè. Ó ń jù ú. Ojú rẹ̀ dà bí ti awakọ̀ tó ti fi bọ́ọ̀sì ha ọkọ̀ ẹlòmíràn lára, tí olówó ọkọ̀ kò tíì rí i. Kánsọ́lá ti fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Lẹ́yìn ìsìn, Adébánjí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo dójú ti ọmọ yẹn níwájú ìjọ. Tí mo bá dákẹ́, irọ́ ni mò ń pa nílé Ọlọ́run.”

“O ò tíì ṣírò ẹ̀ tán,” ni mo wí. “Tí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á tún gba àga lọ́wọ́ ẹ.”

Ó ní, “Ká má purọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.”

Nítorí náà, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní iye tí à ń san lé e. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn fọkàn tán áńgẹ́lì wọn. Ní Sọ́ńdè keje, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dé. Ní ìkẹjọ, mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Ta ni yóò jí ní kùtùkùtù láti ṣe ohun tí ọ̀run ti bá a ṣe tán?

Ní Sọ́ńdè kẹsàn-án, Adébánjí dé ẹnu ilẹ̀kùn ní mẹ́fà ààbọ̀, ó bá a ní títì. Ó kànkùn, kò sí ìdáhùn. Ó pe Làtíìfù lórí fóònù.

“Yéè! Ẹ̀gbọ́n! Birmingham ni mo wà! Ìgbéyàwó Yusrah ọmọ mi ni. Mo ní kí ẹlẹ́ja má wá lónìí, mo gbàgbé pé ẹ̀yin náà ń bọ̀!”

“Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

“Ó wà nínú àpò mi níbí. Ẹ forí jì mí. Ẹ bi Dámiláre, tiwọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa bi Dámiláre láìsọ ohun tó wá ṣe? Ó dúró nínú òtútù fún wákàtí kan, ó sì padà sílé lọ wẹ̀.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù, Dámiláre fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí ìsàlẹ̀ àti òkè, èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ṣófo. Gbogbo àga dúró lórí ara wọn lára ògiri bí wọ́n ṣe kó wọn jọ ní Sọ́ńdè tó kọjá. Kò pẹ́, a ti tó ọgọ́rùn-ún lórí ìdúró, àwọn abiyamọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ, àwọn ìyá àgbà tó fara ti ọ̀pá. Ẹnu ọ̀nà dí pa, àwọn tó kù wà lórí àtẹ̀gùn. Òógùn bo Dámiláre.

Ìyá kan ní, “Dámiláre, áńgẹ́lì ẹ ńkọ́?”

Èkejì dá a lóhùn pé, “Bóyá ó gba ìsinmi ọdún ni.”

Ni Adébánjí bá bọ́ agbádá, ó jù ú sí mi lọ́wọ́. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì 78 nígbà náà lọ́hùn-ún á mọ̀ ọ́n.

“Ẹ̀yin èrò! Ẹ wọ inú lọ! Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà! Kẹ̀kẹ́ ọmọ, apá òsì! Ẹ̀yin ìyá, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, àga tiyín ló ń kọ́kọ́ bọ̀! Ẹ súnkì sí i, àyè ṣì wà lẹ́yìn!”

Gbogbo ayé wọ inú lọ. Pásítọ̀ pàápàá wọ inú lọ. Adébánjí ti gbé àga mẹ́rin. Dámiláre sáré dé, ó ti ń tẹ̀ láti na gbalaja.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é…”

“Dìde! Tí o bá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ọ̀nà lo dí. Dìde, kó o lọ gbé mẹ́rin!”

Dámiláre dìde. Adébánjí to àwọn ọ̀dọ́ láti ìdí ògiri dé àárín gbọ̀ngàn, wọ́n ń na àga sí ara wọn lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ń gbé e kalẹ̀. Gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó gbé ọ̀kan. Gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó fi àyè méjì sílẹ̀ lófìfo níwájú.

Dámiláre dúró gbagidi, àga wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo bàtà ọkùnrin náà. Ó wo àlàfo tó ti fi rúlà wọ̀n fúnra rẹ̀.

“Daddy… ẹ̀yin ni.”

“Gbé àga wá.”

“Daddy, ẹ̀yin ni áńgẹ́lì!”

“Mo ní gbé àga wá! Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́wàá lù!”

Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Ni Kánsọ́lá bá tú ẹ̀rín tó ti há sí i lọ́fun láti Sọ́ńdè kẹfà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá gbogbo wa dúró mọ́. Pásítọ̀ di pẹpẹ mú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá la fi to àga ọgọ́sàn-án lọ́jọ́ náà. Mo wo aago mi.

Ní Ọjọ́rú, Dámiláre wá sí pálọ̀ mi. Ilé ìdàpọ̀ tirẹ̀ wà ní Kennington, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló wá jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú wà nílẹ̀. Bethany ń béèrè kiri bó ṣe máa ń ṣe, ó kan Adébánjí.

“Daddy, kí ni kí a bá yín gbàdúrà fún? Ìlera, àbí?”

“Rárá,” ni Adébánjí wí. “Kí ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́.”

Ẹnu ya Bethany. “But Daddy, a fẹ́ kí ẹ sinmi ni. Wọ́n kọ́ wa nílé pé kí àgbà sinmi.”

“Ọmọ mi, mo ti sinmi, ó ti tó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú. Ó ku díẹ̀ kí n má wá mọ́.”

Kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ yẹn. Dámiláre gbé ojú sókè.

“Daddy, ẹ dárí jì mí. Ojú ń tì mí ni. Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé áńgẹ́lì ni.”

“Kí lo gbàdúrà fún?”

“Olùrànlọ́wọ́, sà.”

“Ṣé ó dé àbí kò dé?”

“Ó dé, sà.”

“Kí ló wá ń tì ẹ́ lójú?”

Níbẹ̀ la ti ṣe àdéhùn, mo sì bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà di àwíjàre lọ́la. Dámiláre lè dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nísàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà Làtíìfù. Láti orí àtẹ̀gùn lọ, kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́ títí àga á fi pé. Aago mẹ́jọ ni gbogbo wa ń dé. Mo ní gbogbo wa, nítorí pé ẹni mẹ́ta nínú àwa bàbá ìjọ ti bá a wọ ẹgbẹ́ náà. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n gbé ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo lè kà. Ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà wá báyìí. Bí a bá ti ń fa àga, Làtíìfù a máa pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ rọra o, ẹja mi ń sùn!”

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé àdéhùn náà, Dámiláre tún gorí pẹpẹ.

“Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí mi ti tẹ́lẹ̀ kò yí padà. Mo gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n tún ibì kan ṣe: áńgẹ́lì tí mo sọ yẹn ní Freedom Pass tí àwọn àgbà fi ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀sì 78 ló sì ń wọ̀ wá.”

Ariwo sọ. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kó tẹ̀ ẹ́. Láti aago mẹ́jọ ni Adébánjí ti wà nídìí àga láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin kan mú omi ìgò wá fún un bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó gbà á, ó ṣí i, ó sì mu ún tán lórí ìdúró.